Orúkọ Àrùn àti Ìṣọ́ Àrùn: Mẹ́dọ̀wú C àti HIV ní Ìlú Àbújá

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ti rí ni ọ̀rọ̀ àrùn náà rí. Orúkọ tí àwùjọ bá fún àrùn ni yóò sọ irú ojú tí wọn yóò fi máa wo ẹni tí ó ní in. Òun náà ni yóò sọ bóyá ẹni bẹ́ẹ̀ yóò jáde wá fún àyẹ̀wò tàbí yóò sá pamọ́, àti bóyá àwọn tí ń ka iye aláìsàn yóò rí i kà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn orúkọ àti àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí à ń lò fún àrùn méjì tí àwọn elétò ìlera ń ṣọ́ pọ̀. Èkíní ni HIV, kòkòrò tí ń fa éèdì. Èkejì ni kòkòrò kan tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí a óò máa pè ní mẹ́dọ̀wú C.

Àbújá ni a fi ṣe ibùdó àyẹ̀wò wa. Ìdí ni pé ibẹ̀ ni àwọn àjọ tí ń ṣọ́ àrùn fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ sì ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere nípa ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe sí ìṣọ́ àrùn. Èrò wa ni pé bí a bá ṣì ń fi orúkọ àtijọ́ pe àrùn tí ìmọ̀ ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, iye tí a kà kò ní pé, ẹni tí oògùn rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lè kú sílé.

2.0 Bí ìṣọ́ àrùn méjèèjì ṣe pàdé

Ní ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé éèdì ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò ní àwọn ilé ìwòsàn tí a yàn, láti fi mọ bí HIV ṣe ń tàn káàkiri. Ní ọdún 1991 náà, ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aboyún tí a yẹ̀ wò ni ó ní kòkòrò náà. Nígbà tí ó di ọdún 2001, iye náà ti gòkè dé ìdá 5.8, ó sì wá sí ìdá 4.1 ní ọdún 2010.

Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Aboyún tí ó wá sí ilé ìwòsàn nìkan ni ó ń kà. Kò ka ọkùnrin, kò ka àgàn, kò sì ka obìnrin tí ó bímọ sílé. Èyí ni ó mú kí wọ́n ṣe ìwádìí ilé-dé-ilé ní ọdún 2018, èyí tí a mọ̀ sí NAIIS. Àbájáde tí wọ́n kéde ní Àbújá ní oṣù kẹta ọdún 2019 fi hàn pé ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn láti ọmọ ọdún 15 dé 49 ni ó ní HIV. Wọ́n sì fojú díwọ̀n gbogbo àwọn tí ó ń bá a gbé ní Nàìjíríà sí mílíọ̀nù 1.9. A kò lè fi iye yìí wé iye ti àwọn aboyún tààrà, nítorí pé ọ̀nà tí a gbà kà wọ́n kò rí bákan náà.

Ohun tí ó kàn wá jù nínú ìwádìí yìí ni pé wọn kò dúró lórí HIV nìkan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún mẹ́dọ̀wú B àti mẹ́dọ̀wú C pẹ̀lú. Láàrin àwọn ọmọ ọdún 15 sí 64, ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní B, ìdá 1.1 sì ni ti C. Kí òǹkàwé fi 1.1 yìí sí ẹ̀gbẹ́ 1.4 ti HIV. Bí ọjọ́ orí tí wọ́n kà kò tilẹ̀ dọ́gba pátápátá, ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀. Síbẹ̀, kò sí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì gbọ́ orúkọ éèdì, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ní orúkọ kan pàtó tí wọ́n ń pe èkejì.

3.0 Kí ni mẹ́dọ̀wú C?

Ní ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó dá kòkòrò yìí mọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àwọn kan tí a fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ń ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí kì í ṣe ti A, tí kì í sì í ṣe ti B. Orúkọ tí wọ́n fún un nígbà náà kò ju èyí lọ: ‘èyí tí kì í ṣe A, tí kì í ṣe B’. Ní ọdún 2020 ni Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. A rí i nínú ìtàn yìí pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó pẹ́ kí ó tó rí orúkọ fún àrùn náà.

3.1 Bí ó ṣe ń ṣe ẹ̀dọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí kòkòrò yìí bá wọ̀ lára kì í mọ nǹkan kan. Ojú wọn kì í pọ́n, ara wọn kì í gbóná. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 15 sí 45 ni ara wọn yóò lé kòkòrò náà jáde fúnra rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́fà. Lára àwọn tí ó kù ni yóò jókòó sí, tí yóò sì máa jẹ ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn yóò fi di kìkì àpá, tàbí tí jẹjẹrẹ yóò fi mú un. Bí HIV bá wà lára ẹni kan náà, ìbàjẹ́ yìí a máa yára sí i. Ìdí kìíní nìyí tí a fi ń ṣọ́ àwọn méjèèjì pọ̀.

Mẹ́dọ̀wú B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, C kò ní. Ṣùgbọ́n C ní ohun tí B àti HIV kò tíì ní, èyí ni oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá. Láti ọdún 2013 ni àwọn oògùn oníhóró tuntun ti ń jáde. Ẹni tí ó bá lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá, ó ju márùndínlọ́gọ́rùn-ún lọ nínú ọgọ́rùn-ún wọn tí yóò bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà.

3.2 Ọ̀nà tí ó ń gbà ràn

Ẹ̀jẹ̀ ni ọkọ̀ tí mẹ́dọ̀wú C ń wọ̀. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò kí a tó fà á síni lára, abẹ tí olóòlà fi kọlà fún ọmọ méjì láìsè é, abẹfẹ́lẹ́ tí a fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ará ilé: gbogbo ìwọ̀nyí lè gbé e láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn.

Ti ìbálòpọ̀ ńkọ́? Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí a fara balẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tọkọtaya 500, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí ọkọ tó ràn ìyàwó tàbí kí ìyàwó tó ràn ọkọ. Wọ́n ní bí ó bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, kò lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí 190,000 ìgbà tí wọ́n bá lò pọ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún 2000 ni àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, Paris àti Amsterdam ti ń rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní HIV, tí wọ́n ń bá ọkùnrin lò pọ̀, tí mẹ́dọ̀wú C sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí lára láti inú ìbálòpọ̀ tí ó mú ẹ̀jẹ̀ dání. Ìdí kejì nìyí tí ìṣọ́ àrùn méjèèjì fi so pọ̀. A lè wá sọ pé mẹ́dọ̀wú C kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Orúkọ tí kò bá gba ìdajì méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra yóò ṣi wá lọ́nà.

3.3 Egbò àti ojú àpá

Àyẹ̀wò oríṣi méjì ni à ń ṣe fún àrùn yìí, ìyàtọ̀ wọn kò sì ṣòro láti là yé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Àyẹ̀wò kìíní ń wá ohun ìjà tí ara rọ nígbà tí kòkòrò wọlé. Ohun ìjà yìí kì í tètè kúrò lára, kódà lẹ́yìn tí kòkòrò bá ti lọ. Ojú àpá ni àyẹ̀wò yìí ń rí. Àyẹ̀wò kejì ń wá kòkòrò gan-an nínú ẹ̀jẹ̀. Egbò ni èyí ń rí. Bí a bá ka gbogbo ẹni tí ó ní ojú àpá mọ́ àwọn tí egbò wà lára wọn, a ti ka ẹni tí ara rẹ̀ ti dá mọ́ aláìsàn.

Bákan náà, bí egbò bá ti jinná lónìí, òmíràn lè ṣẹ̀ lọ́la. Mẹ́dọ̀wú C kì í fi ààbò sílẹ̀ sára ẹni tí ó ti wò sàn. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dá a lámọ̀ràn ní ọdún 2022 pé kí àwọn tí ewu rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́rùn wọn máa ṣe àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹni tí HIV bá wà lára rẹ̀ ti wà nínú ìwé fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ti mẹ́dọ̀wú C kò rí bẹ́ẹ̀: ẹnìkan lè wọ inú ìwé, kí ó jáde, kí ó tún wọ̀ ọ́.

4.0 Àyẹ̀wò àwọn orúkọ

4.1 Ibà apọ́njú, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti mẹ́dọ̀wú

Orúkọ mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ bá kan àrùn ẹ̀dọ̀. Èkíní ni ibà apọ́njú, tí àwọn mìíràn ń pè ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Àmì ni orúkọ yìí tẹ̀ lé: ojú tí ó pọ́n, ìtọ̀ tí ó pọ́n. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ojú ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní mẹ́dọ̀wú C kì í pọ́n. Ẹni tí ó bá gba orúkọ yìí gbọ́ yóò wo dígí, yóò rí ojú rẹ̀ funfun, yóò sì gbà pé òun kò ní nǹkan kan.

Orúkọ kejì ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Orúkọ yìí fi ọwọ́ kan ẹ̀yà ara tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì ṣe àpèjúwe iṣẹ́ ibi tí àrùn náà ń ṣe. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ti ní olówó tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń lò ó fún ibà líle tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé gbẹ, àwọn mìíràn sì ń so ó mọ́ ikọ́. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá béèrè pé, ‘Ṣé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti ṣe yín rí?’, tí ìyá kan sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, a kò mọ àrùn tí ìyá ní lọ́kàn.

Orúkọ kẹta ni mẹ́dọ̀wú, èyí tí a rọ láti ara ‘mú ẹ̀dọ̀ wú’. Ó dárúkọ ẹ̀dọ̀, ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó tún ṣeé fi lẹ́tà A, B tàbí C kún láìba ìlànà èdè jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi yàn án nínú iṣẹ́ yìí.

4.2 Kògbóògùn

Orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ fún éèdì ní ilẹ̀ Yorùbá ni àrùn kògbóògùn. Gbólóhùn odindi ni ó di orúkọ níhìn-ín: ‘kò gba oògùn’. Irú ìṣẹ̀dá yìí kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni a fi ń sọ àbíkú ní Kòkúmọ́ àti Kòsọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìyàtọ̀ kan. Àdúrà ni ‘kò’ inú Kòkúmọ́, ìdájọ́ ni ‘kò’ inú kògbóògùn.

Nígbà tí orúkọ yìí gbilẹ̀, òótọ́ ni. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, sì kéde fún gbogbo ayé pé éèdì ni ó pa á, kò sí ètò ìjọba kankan tí ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 2002 ni irú ètò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lónìí, oògùn kò lé HIV kúrò lára, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹlòmíràn. Gbólóhùn tí ó jẹ́ òótọ́ ní ọdún 1990 ti di irọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti di orúkọ, kò sí ẹni tí ó ń bi í léèrè mọ́.

Ewu tí ó wà níbẹ̀ fún mẹ́dọ̀wú C tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá sọ fún ẹnìkan pé àrùn tí ó bá éèdì rìn ni ó ní, ọkàn rẹ̀ yóò lọ sí kògbóògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé oṣù mẹ́ta péré ni oògùn tirẹ̀ gbà.

4.3 ‘Ṣe’ àti ‘kó’

Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa fínnífínní, a óò rí i pé a pín àrùn sí ọ̀nà méjì. ‘Ibà ń ṣe é’, ‘orí ń fọ́ ọ’, ‘inú ń run ún’: àrùn tàbí ẹ̀yà ara ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n ‘ó kó àtọ̀sí’, ‘ó kó éèdì’: ènìyàn ti di olùwà, òun ni ó lọ kó o bí ẹni kó ẹrù. Gírámà ti dá a lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Àrùn ẹ̀dọ̀ wà lọ́wọ́ ‘ṣe’ títí di ìsinsìnyí. Bí a bá wá kéde mẹ́dọ̀wú C gẹ́gẹ́ bí àrùn ìbálòpọ̀ láìṣàlàyé, yóò bọ́ sọ́wọ́ ‘kó’. Ìyá àgbà tí ó ní in láti ara ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára nígbà ìrọbí yóò di ẹni tí ọkọ àti àna ń fi ojú àgbèrè wò. Èdè wa kò ṣaláìní àtúnṣe. ‘Ó lùgbàdì àrùn’ àti ‘àrùn náà ràn án’ wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì gbé ẹjọ́ dání.

5.0 Bí a ṣe lè béèrè

Ìṣọ́ àrùn kò parí sí ẹ̀jẹ̀ gbígbà, ó gba ìbéèrè pẹ̀lú. Ìbéèrè tí a bá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ di Yorùbá lẹ́nu ẹni tí ń bi í ní Kubwa tàbí Lugbe. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yóò bi ẹni ọgọ́ta ọdún. Bí ó bá sọ ọ́ ní ṣàkó, ó ti rí àgbà fín. Bí ó bá sì bò ó mọ́lẹ̀ jù, kò ní rí ìdáhùn tí ó wúlò.

Èdè Yorùbá ní ohun èlò kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní níhìn-ín. Arọ́pò-orúkọ wa kì í fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo. ‘Ó’ lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, ‘rẹ̀’ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè méjì wéra:

(i) Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyàwó yín ti ṣe àyẹ̀wò rí?
(ii) Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ẹ bá lò pọ̀ kẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò rí? Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ jáde lára yín tàbí lára rẹ̀?

Ìbéèrè (i) ti pinnu ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó lanu. Ìbéèrè (ii) bọ̀wọ̀ fún un, kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo, ó sì kan ojú abẹ níkòó lórí ohun tí ń gbé kòkòrò, èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ní àṣírí lè dáhùn ní òótọ́ láìtú àṣírí náà síta.

6.0 Àpẹẹrẹ Àbújá

Àṣírí tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti oṣù kẹta ọdún 2013 ni àwọn olùwádìí ti ń tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tí ń bá ọkùnrin lò pọ̀ ní Àbújá, nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní TRUST, láti yẹ̀ wọ́n wò fún HIV àti láti tọ́jú wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Àwọn olùwádìí náà fi èsì tí wọ́n gbà ṣáájú òfin wé èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2015. Ṣáájú òfin, ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àbẹ̀wò tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni ẹni tí ó wá ti sọ pé ẹ̀rù ń ba òun láti wá ìtọ́jú. Lẹ́yìn òfin, ó di ìdá 38.

Kì í ṣe ẹjọ́ òfin náà ni a wá dá níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé ẹni tí kò wá kò sí nínú ìkà. Àwọn tí mẹ́dọ̀wú C sì ń tipa ìbálòpọ̀ ràn jù, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Yúróòpù, ni àwọn náà tí ìbẹ̀rù ń lé wọ igbó. Ní ọdún 2014 kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tí kò gbà kí a fi ojú burúkú wo ẹni tí ó ní HIV lẹ́nu iṣẹ́ tàbí níbikíbi. HIV àti éèdì ni òfin náà dárúkọ. A tún padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ìṣọ́ àrùn kì í sì í mọ ààlà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń jẹun ọ̀sán ní Wuse ni ó ń sùn ní Mararaba, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ní ọdún 2020 ni ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún márùn-ún láti fòpin sí mẹ́dọ̀wú C. A tún ní ẹ̀rí láti Netherlands pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ń so èso. Nígbà tí wọ́n fi oògùn tuntun náà lọ gbogbo ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní ọdún 2015, iye àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ lára láàrin àwọn ọkùnrin tí wọ́n ní HIV, tí wọ́n ń bá ọkùnrin lò pọ̀, fi nǹkan bí ìdajì dín kù láàrin ọdún 2014 sí 2016. Ẹni tí a bá rí, tí a sì wò sàn, kò ní ran ẹlòmíràn.

7.0 Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa onímọ̀ èdè

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Nígbà tí ó yá, Herbert Igboanusi, Clement Odoje àti Garba Ibrahim ṣe bẹ́ẹ̀ fún HIV, éèdì àti Ebola ní Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. Àrùn ẹ̀dọ̀ ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Àbá mẹ́ta ni a ní. Kí a fi mẹ́dọ̀wú ṣe orúkọ àjùmọ̀lò nínú ìwé, lórí rédíò àti ní kíláàsì. Kí a yéé lo kògbóògùn nínú ohunkóhun tí a bá kọ tàbí tí a bá túmọ̀. Kí a sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀ láti máa gbé ìbéèrè ìlera lọ sọ́dọ̀ àgbà ọkùnrin àti àgbà obìnrin, kí wọ́n gbọ́ bí ó ṣe dún létí wọn, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

8.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìṣọ́ mẹ́dọ̀wú C pẹ̀lú HIV kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìkan. Orúkọ tí ó tẹ̀ lé àmì ń fi aláìsàn pamọ́ fún ara rẹ̀. Orúkọ tí ó dájọ́ ń lé e sá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó sọ ọ́ di ẹlẹ́bi ń pa á lẹ́nu mọ́. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Orúkọ àrùn náà a máa ro aláìsàn. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjìlá wà fún mẹ́dọ̀wú C. Kí ẹni tí ó ní in tó lè dé ibi tí oògùn náà wà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ní èdè ìyá rẹ̀, pé àrùn òun gbóògùn.